Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí Pálọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé Wa



Ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ inú ilé ni mo gbé wá. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú kọ́tìnnì àti tìmùtìmù. Ó kàn mí, nítorí pé bí a bá ṣe jókòó ni a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní agbo ilé tí a bí mi sí ní ìlú yìí, yàrá kò ju ibi orun àti ibi ìkẹ́rùsí lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an. Àwọn obìnrin a máa fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni a ti ń pa àlọ́ lórí ẹní. Àlọ́ a sì máa fẹ́ elégbè. Ẹni tí ń pa á gbọ́dọ̀ rí ojú àwọn tí ń gbọ́ ọ.

Ibi tí àlejò yóò ti rí i ni àwọn baba wa ń fi ọ̀ṣọ́ sí. Ẹ wo ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, tí ó wà ní Chicago báyìí, fi ọba hàn lórí ìtẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ àgbà dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ní tirẹ̀ fi ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan hàn, tí àwọn aláàárù gbé wá síwájú ọba. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Nígbà tí British Museum ti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ, Ògògà kò tà á. Àga ọba tí a kàn ní Ìlú Ọba ni ó gbà dípò rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé láti ọjọ́ náà ni àga ti ń lé ìlẹ̀kùn kúrò nínú ilé wa.

Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti kọ́ni ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣáájú. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó dé Jẹ́bà ní 1909; páànù àti sìmẹ́ńtì rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá di ọ̀nà tóóró tí a ń gbà kọjá sí yàrá. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ohun tí ó ń jẹ́ ni ó yí. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ó sì gba ipò àgbàlagbà nínú pálọ̀. Gbogbo àga kọjú sí i. Sílíǹ ń tàn, táìsì ń dán, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbe àlọ́ fún ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí i?

N kò wá bú ilé tuntun; mo ní ọ̀kan. Nígbà tí a fẹ́ tún ilé bàbá wa kọ́, èmi ni àgbà, ọwọ́ mi ni àwòrán rẹ̀ wà. Mo ka iye yàrá, mo ka iye balùwẹ̀, mo fi ọwọ́ sí i. Ìyá mi ni ó rí ohun tí èmi ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n jókòó sí etí àga bí àlejò, wọ́n ní: “Ó dára o, ọmọ mi. Níbo ni n ó máa jókòó sí tí àwọn tí ń kọjá á fi mọ̀ pé mo wà láàyè?”

A ti wó ògiri iwájú báyìí. Òpó mẹ́rin ti dúró, a sì ti tẹ́ ẹní sí abẹ́ wọn. Àwọn àbúrò mi ṣì ń bá mi jà lórí owó rẹ̀, àwọn méjì nínú wọn sì jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè.