Àwọn Ará Ìlú Tí Ń Gbé Orí Ewé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa retí pé àwa tí a jẹ́ olùkọ́ àti oníwàásù yóò sọ ìtàn àwọn baba wa, tàbí kí a sọ̀rọ̀ nípa èdè wa. Ewé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ń gbé orí rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí.

Kò sí ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ewé eéran àti ewé gbòdògì. Inú irú ewé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sí, òun náà ni a fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ obì kí obì má bà á gbẹ. Igbó ni ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò gbìn. A mọ ìlò wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ń gbé orí wọn kò hàn sí wa. Àwọn àgbà ti wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe náà sí ọkàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun kìn-ín-ní tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni iye wọn. Bí a bá já ewé kan tí ó mọ́ tónítóní, tí kò ní àrùn kankan, tí a sì wo ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ lórí rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wí pé lọ́pọ̀ ìgbà, iye àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní bakitéríà tí ó wà níbẹ̀ a máa tó mílíọ̀nù 1 títí dé mílíọ̀nù 10. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, gbogbo ará Ìpínlẹ̀ Ògùn lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700. Nítorí náà, ìwọ̀n èékánná kan lórí ewé lè gba èrò ju ìpínlẹ̀ wa lọ.

Ìlú líle sì ni wọ́n ń gbé. Oòrùn ń pa wọ́n lọ́sàn-án, òjò ń fọ̀ wọ́n lọ, oúnjẹ wọn kò sì ju ṣúgà díẹ̀ tí ń jò láti inú ewé lọ. Síbẹ̀ olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìran kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, Methylobacterium ni orúkọ rẹ̀. Irú ọtí kan tí ewé ń mí jáde, tí ó jẹ́ májèlé fún ènìyàn, ni ó ń jẹ. Ní ọdún 1956 ni Jakoba Ruinen, obìnrin onímọ̀ ará Holland tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Indonesia, kọ̀wé nípa ìran mìíràn tí ń jẹ́ Beijerinckia, tí ó bá lórí ewé ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Iṣẹ́ ìyẹn ni láti mú ọ̀kan nínú ohun tí ń mú ilẹ̀ lọ́ràá láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àwọn ará orí ewé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ewé níbi, kì í sì í ṣe ènìyàn níbi.

Ohun kejì ni irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ bakitéríà kan, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀dá kan ṣoṣo ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá gbọ́ “Ìjẹ̀bú,” ó lè rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Àwa tí a wà nínú ilé ni a mọ̀ pé ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ará Ìjẹ̀bú-Òde, àti pé nínú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pàápàá agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní oríkì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tiwọn rí. Nínú ara olúkúlùkù wọn ni àkọsílẹ̀ ìran kan wà, tí ó sọ ohun tí yóò jẹ, ohun tí yóò ṣe, àti bí yóò ti dáàbò bo ara rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní àbùdá. Nígbà tí ọ̀kan bá pín sí méjì, yóò da àkọsílẹ̀ náà kọ fún ọmọ rẹ̀. Nínú àdàkọ, ọ̀rọ̀ kan lè yí, bí oríkì ti ń yí díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kì í. Wọ́n tún ní ohun kan tí àwa kò ní: aládùúgbò lè gé díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ fún aládùúgbò, bí ẹni pé ènìyàn yá oríkì ilé kejì, tí ó sì di ti ìran rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Kí ni àǹfààní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní Tübingen, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ tí ń bá Detlef Weigel ṣiṣẹ́ wo ewéko ìgbẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis thaliana. Ní ọdún 2018 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìran bakitéríà Pseudomonas tí ó lé ní 1,500 láti ara ewéko náà. Nínú oko tí a gbin irúgbìn kan ṣoṣo sí, ìdílé kan nínú àwọn tí ń fa àrùn a máa gba gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan, ìparun a sì dé. Nínú ìgbẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n ti jọ ń gbé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ọdún, ọ̀kan kò sì lé èkejì lọ. Ní ọdún 2022 wọ́n tún fi ìran mìíràn wé e, èyí tí ń jẹ́ Sphingomonas. Wọ́n bá a lára onírúurú ewéko tí ó wà ládùúgbò, ìdílé rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọ̀kan tí ó jọba lé ìyókù lórí. Sphingomonas yìí kì í sì í ṣe àlejò tí ń jẹun lásán: ní ọdún 2011, ní Zürich, àwọn tí ń bá Julia Vorholt ṣiṣẹ́ fi hàn pé àwọn kan nínú ìran rẹ̀ a máa gba ewéko lọ́wọ́ àrùn tí Pseudomonas ń mú wá. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan kò lè dá ṣọ́ ewé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Nígbà tí ìyá wa bá rẹ àgbàdo, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sẹ́ ẹ, tí ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan, ta ni ó mú kí ó kan? Ní ọdún 1970, I. A. Akinrele, ti Ilé Ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣòdì, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ògì jáde, ó sì fi hàn pé bakitéríà tí à ń pè ní Lactobacillus plantarum nígbà náà ni olórí òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ ìkẹyìn yẹn ní èdè Látìn ni “ti àwọn ewéko.” Ara ohun tí ń hù ni ilé rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ìkòkò wa. Kíkan tí ó mú wá ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá búburú rí ààyè nínú ògì. Ní ọdún 1981, S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé nípa irú: ìran Bacillus subtilis ni ó ń sọ ọ́ di irú, ìran tí í máa bo ara rẹ̀ ní èèpo líle tí ooru kò lè tètè pa. Àwọn ìyá wa kò rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ọjọ́, wọ́n mọ igbá, wọ́n mọ òórùn ohun tí ó pé àti ohun tí ó bàjẹ́. Ìmọ̀ ni èyí, kì í ṣe àṣà òpè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ọ̀rọ̀ wa wí pé kò sí ìdí láti fọ ewé mọ́. Ọwọ́ àìmọ́ àti omi àìmọ́ ń gbé àwọn ẹ̀dá búburú wá sórí ewé tí igbó kò fi síbẹ̀. Kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì se oúnjẹ jinná.

Ohun tí ó kàn wá jù ni igbó fúnra rẹ̀. Ní ẹkùn wa ni Igbó Ọmọ wà. Ní ọdún 1946 ni a ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Ní ọdún 1977 ni UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn tí gbogbo ayé ń tọ́jú. Síbẹ̀ apá ńlá nínú rẹ̀ ni a ti gé kúrò, tí a sì gbin Gmelina, igi àjèjì, rọ́pò rẹ̀. Níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ewé ti wà, irú kan ni ó kù. Bí ewé kan bá run tán, àwọn ìdílé tí ń gbé orí rẹ̀ nìkan yóò bá a run láìsí ẹni tí ó ṣe òkú wọn.

Àdánù náà kì í ṣe ti ojú nìkan. William Freeman Daniell, oníṣègùn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa èso ewé eéran ní ọdún 1855. Ní ọdún 1972 àwọn onímọ̀ ní Holland yọ ohun kan nínú èso náà tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ọ̀nà bí 2,000, ó sì di ọjà lókè òkun. Ewé ni àwa rí. Àwọn ẹlòmíràn rí ọrọ̀. Ta ni ó mọ ohun tí ń bẹ nínú àkọsílẹ̀ ìran àwọn tí ń gbé orí ewé kan náà?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Ẹ̀kíní, kí ìdílé tí ó ní ilẹ̀ fi etí odò àti igbó kékeré díẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Ẹ̀kejì, kí ẹ̀yin ìjòyè mọ̀ pé àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Nagoya, ní Japan, ní ọdún 2010, tí ó di òfin ní ọdún 2014, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹ̀dá alààyè ilẹ̀ kan lọ wádìí àbùdá rẹ̀ yóò gba ìyọ̀ǹda, yóò sì bá onílẹ̀ pín èrè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù ọmọ Ẹgbẹ́ lọ jókòó ti ìyá àgbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ewé ìgbẹ́ márùn-ún sílẹ̀, ibi tí ó ń hù, àti ohun tí a fi ń ṣe. Kí a mú ìwé náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò dà á kọ sínú ìwé kan ṣoṣo, a ó sì fi í pamọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.