Onílé Ló Ń Bọ́ Àgbàrá

Ẹ̀yin ará Ọjọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, omi ló bí orúkọ Àwórì, àwọn Yorùbá tó ni ilẹ̀ yín. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé àwo kan tó léfòó lórí odò ni Ògúnfúnmiire, baba ńlá àwọn Àwórì, tẹ̀ lé kúrò nílé títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì. Àwo rì, wọ́n tẹ̀dó. Àwọn àgbà yẹn wo ibi tí omi ń lọ kí wọ́n tó wo ibi tí wọn yóò kọ́lé sí.

Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn jogún lápá ibí yìí tẹ́ pẹrẹsẹ. Yanrìn wà níbì kan, àbàtà wà níbòmíràn, ọ̀sà Àgbádárìgì sì nà gbọọrọ sí gúúsù. Orí yanrìn ni wọ́n ń kọ́lé sí. Etí omi ni àkùrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún omi. Kò sẹ́ni tó ń pe àkùrọ̀ ní ilẹ̀ òfìfo. Iṣẹ́ ló ń ṣe: ó ń gba omi lálejò, ó sì ń jẹ́ kó lọ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìlú ńlá dé. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, pápá Trade Fair ṣí ní 1977, ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó, kọ́ ilé sí Ìbà láàárín 1979 sí 1983, ọdún 1983 yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sílẹ̀. Ọjà Alábà fa àwọn oníṣòwò mọ́ra. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbẹ wọ́n, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sí àkùrọ̀.

Ìṣirò ohun tó tẹ̀ lé e kò le. Pílọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 670. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mílímítà 50, omi tó já sórí pílọ́ọ̀tì náà lé ní 33,000 lítà. Bó bá jẹ́ koríko àti yanrìn tí omi ò tíì yó, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò ṣàn jáde, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ páànù, kọnkéré àti intalọ́ọ̀kì láti ògiri dé ògiri, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò gba ẹnu géètì jáde. Ìyẹn tó 30,000 lítà, ẹ̀kún táńkà olómi mẹ́ta tó ń gba 10,000 lítà. Ọgọ́rùn-ún irú ilé bẹ́ẹ̀ á tú mílíọ̀nù mẹ́ta lítà sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà.

Yorùbá ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní àwọn àdúgbò tuntun wọ̀nyí, onílé tó ń bá àgbàrá jà náà ló ń bọ́ ọ. Òrùlé rẹ̀ ń bọ́ ọ. Àgbàlá tó da sìmẹ́ǹtì sí náà ń bọ́ ọ. Kò sí ìkà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló sú u.

Èyí tó burú jù ni ìdíje gíga. Ẹni tó kọ́lé lónìí á kó yanrìn kún ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ga ju ti aládùúgbò lọ, àgbàrá á sì yà sọ́dọ̀ aládùúgbò. Tó bá yá, wọ́n á tún títì ṣe, títì á ga ju ilé méjèèjì lọ. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, opó tàbí àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò tó tún ilé ṣe, ló wá ń mọ ìdènà sẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì lóru. Ìyà yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ń tì í, orí ẹni tí kò lágbára ló ń já sí.

Òpópónà Àgbádárìgì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Títì tó ga bẹ́ẹ̀ dà bí ògiri lójú omi tó ń ti àríwá bọ̀, tó ń wá ọ̀sà lọ; àfi kó rí ojú ihò gbà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ojú irin tí wọ́n fẹ́ kó dé Okokomáíkò. Reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina ní 2023. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, ọ̀pọ̀ ará Okokomáíkò ló ń gba inú adágún lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn lańlọ́ọ̀dù ń ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ. Wọ́n á dá owó, wọ́n á mọ gọ́tà, gọ́tà á parí síbi tí owó bá parí sí, omi á sì tú dà sí àdúgbò kejì. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gọ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀, láti etí ọ̀sà tàbí kánáàlì, kó tó máa gòkè bọ̀. Bí ọ̀sà fúnra rẹ̀ bá sì kún, gọ́tà tó dára jù lọ á dúró láìlè tú omi dànù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò tó lé ní mílímítà 200 rọ̀ sórí Èkó, ẹ̀mí sì lọ sí i. Kò sí gọ́tà àdúgbò kankan tó lè dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́tótó Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí ìjọba Èkó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016, ràn wá lọ́wọ́ níwọ̀nba. Ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n sábà ń kó o jọ sí. Òjò tó tẹ̀ lé e á gbá a padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Nítorí náà, àgbàlá ni kí omi ti kọ́kọ́ jókòó. Ìlà ilẹ̀ tí kò ní sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n gbin koríko tàbí ẹ̀fọ́ sí, ṣe pàtàkì. Táńkì lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan onílé: òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150 á fi omi kún táńkì 2,000 lítà kí òjò tó pé mílímítà 14. Ẹni tí kò bá lo omi náà tán kí òjò mìíràn tó dé, táńkì rẹ̀ ò ní gba ohunkóhun mọ́. Kòtò tí ń fa omi wúlò lórí yanrìn gíga; nítòsí àkùrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá omi pàdé bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, asán ni.

Ní Rotterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n ṣí gbàgede Benthemplein ní 2013: àwọn ọ̀dọ́ ń ṣeré níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó sì lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 lítà nígbà òjò. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbà lè ṣe irú rẹ̀ bí wọ́n bá gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú bí àwo, tí wọ́n sì ṣe ojúhò kékeré tí omi á gbà tán lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò iṣẹ́ yìí. Gbogbo bíríkìlà ló ní rọ́bà funfun gígùn tó ń bu omi sí láti mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ tẹ́jú. Kí ẹgbẹ́ onílé gba bíríkìlà kan fún ọjọ́ kan, kí ó na rọ́bà yẹn láti géètì dé géètì títí dé etí kánáàlì, kí akọ̀wé máa kọ gíga ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù wà níbẹ̀, kó sì gbọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún ra yanrìn.