Àwọ̀n Àkùrákudà: Ṣé Kó Dúró Ni, Àbí Kí Wọ́n Ká A?

Láti ọdún 1937 ni wọ́n ti ń na àwọ̀n sínú òkun ní New South Wales, Ọsirélíà, kí ẹja àkùrákudà má baà pa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọ̀n náà kì í ṣe ògiri o. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 150 mítà, àkùrákudà sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìjàpá òkun àti dólífìn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan ń há sínú rẹ̀, wọ́n ń kú.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi bi àwọn ìjọba ìbílẹ̀ etíkun léèrè: ṣé ká ká a kúrò? Dípò àwọ̀n, ìwọ̀ kan wà tó ń ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ní kété tí ẹja bá gbé e mì. Wọ́n á sáré lọ, wọ́n á fi àmì sí i lára, wọ́n á tú u sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí etíkun. Drónù, ẹ̀rọ tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, tún ń ṣọ́ omi látòkè.

Ẹni tí àkùrákudà pa ọmọ rẹ̀ lè máà fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjàpá, mi ò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ojú tó ń ṣọ́ omi sàn ju àwọ̀n tí ẹja lè yà fún lọ.