Ojú Tí A Kọ́ Ni Ó Ń Ríran

Ọ̀rọ̀ mi lónìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní síkáànù, àti bí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di dókítà láti lò ó létí ibùsùn aláìsàn.

Ní ọdún 1958, Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé a lè fi ìró wo inú ikùn. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú ara. Ìró yìí a sì padà wá, gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn ti ń dáhùn láti ara òkè. Láti inú ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ ti ń ya àwòrán: omi a dúdú, eegun a funfun.

Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ yìí tóbi, aláìsàn ni a sì ń gbé lọ bá a. Lónìí, òmíràn kò ju ohun tí a lè kì bọ àpò lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ọkọ̀ gbá, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn rẹ̀, tí kò sì sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Dókítà yóò wo ibi mẹ́rin: ààrin ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lápá ọ̀tún, ẹ̀bá ọlọ inú lápá òsì, àyíká ọkàn, àti ẹ̀bá àpò ìtọ̀. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni yóò fi mọ̀ pé ewu ńlá wà.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí a kò kọ́ lè pe ẹ̀jẹ̀ ní òjìji, kí ẹ̀mí sì bọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ní ọdún 2006, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì South Carolina, ní ìlú Columbia ní Amẹ́ríkà, fi í sínú ẹ̀kọ́ láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìwé nípa ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wo ọkàn tí ń lù nínú àyà alààyè.

Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ kọ́. Èkíní ni bí a ti ń fi ọwọ́ darí ẹ̀rọ. Èkejì ni bí a ti ń dá ohun tí ojú rí mọ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣòro jù, ni pé bí ojú kò bá rí àrùn, kò túmọ̀ sí pé àrùn kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ lè kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè fi hàn.

Nítorí náà, bí dókítà bá fi ohun tútù tí ń yọ̀ bí ilá pa yín ní ikùn, ẹ má fòyà: afẹ́fẹ́ ni ó ń lé kúrò lọ́nà ìró. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí. Bí ó bá sì ní kí ẹ dúró kí òun tún un wò, ẹ má ṣe sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ẹni tí a kọ́ dáadáa ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.