Owó Orí àti Adójútòfò Ìlera: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Ti Ara Wọn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́



Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: apẹja, aránṣọ, káfíńtà, àwọn tí ń wa yanrìn, àwọn tí ń tà ní ọjà Sábó àti ọjà Olúwo. Nítorí náà kò sí ọ̀gá tí yóò bá wọn yọ owó orí tàbí owó ìlera sọ́tọ̀. Olúkúlùkù ni yóò ṣe ìṣirò ara rẹ̀.

Èkíní ni owó orí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1940, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún, Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà kọ̀, ìjọba sì gbé ààlà náà dé £200. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a má ṣe bọ́ aṣọ lára ẹni tí kò ní méjì.

Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 26 June 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2026, tọ ọ̀nà kan náà. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá ju ₦800,000 lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú 100 ni. Ó sì ń gòkè títí dé 25 nínú 100 lórí ohun tí ó bá ju ₦50,000,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ń yan ẹja ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí ó ti yọ owó ẹja, owó igi àti owó ọkọ̀, ₦1,000,000 ṣẹ́kù fún un lọ́dún. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦54,000 ni ìbá san. Nísinsìnyí ₦30,000 ni. Bí ó bá ń san ₦300,000 fún ilé tí ó ń gbé, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí, a ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà kúrò, owó orí rẹ̀ yóò sì di ₦21,000. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ èrè rẹ̀ bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò, àfojúdá òṣìṣẹ́ owó orí ni yóò jọba lórí rẹ̀.

Èkejì ni adójútòfò ìlera. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀ jùlọ. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ní July 2024, Gómìnà Sanwo-Olu pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tí a ti ń pe ètò náà ní Ìlera Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹni mẹ́fà a sì san ₦40,000.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Mo san fún ọdún mẹ́ta, n kò ṣàìsàn; owó mi ṣòfò.” Rárá o. Nínú àjọ, owó ẹni ni ẹni ń kó. Nínú èyí, ẹni tí àìsàn bá dé bá ni ó ń kó, àwa yòókù sì dúpẹ́ pé kò kàn wá. A mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí: nítorí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo, a ta ọkọ̀ ojú omi, a ta àwọ̀n, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Aláìsàn dìde, ṣùgbọ́n kò ní ohun èlò iṣẹ́ mọ́, àwọn ọmọ sì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ dandan kò kan ẹnì kan ṣoṣo. Bí ó ti di dandan fún wa láti san, bẹ́ẹ̀ ni ó di dandan fún ìjọba kí oògùn wà ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó san ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Nítorí náà, mo gbà yín níyànjú: ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde, ẹ fi ìròyìn èrè yín fún ilé iṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó kí 31 March tó kọjá, ẹ béèrè iye tí Ìlera Èkó ń gbà nísinsìnyí, àti ilé ìwòsàn tí yóò gbà yín, kí àìsàn tó dé. Bí opó kan nínú ẹgbẹ́ yín kò bá lè san, ẹ dáwó jọ fún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.