Òpó Tànkì Omi àti Èlé Orí Èlé

  Ohùn admin yín lẹ ń gbọ́. Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, ẹ ní sùúrù, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, kálukú ń gbé tànkì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ pé irin ni mo ń tà, èmi kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mi ni pé, "Ṣé páìpù yìí á gbé e?" Ìbéèrè yẹn ò tíì pé. Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń wó òpó gígùn. Ìwúwo àti títẹ̀ ni, tí àwọn méjèèjì jọ ń ti ara wọn.

Ẹ wo ẹni tó ru garawa omi. Tó bá dúró ṣánṣán, ọrùn rẹ̀ á gbé e. Tó bá tẹ̀ sápá kan díẹ̀, omi á fà á síbẹ̀. Bó ṣe fà á, á tún tẹ̀ sí i. Bó ṣe tẹ̀ sí i, á tún fà á. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ nǹkan yìí: owó èlé ni. Èlé ń bí èlé.

Ó yá, ẹ mú bírò. Tànkì lítà 2,000. Lítà omi kan, kìló kan. Ẹ fi 200 kún un fún tànkì fúnra rẹ̀ àti férémù tó jókòó lé, ó di kìló 2,200. Páìpù mẹ́rin ló gbé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 4, ó fẹ̀ ní 60 mm, ara irin rẹ̀ nípọn ní 3 mm. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú kọnkéré, orí wọn ò ní ìdè kankan.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1744: ìwúwo kan wà tí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bá dé, tó bá ti tẹ̀ kò ní lè nà padà mọ́. Ẹ sọ 9.87 di ìlọ́po 200,000, ìyẹn líle irin. Ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 218,800, ìyẹn agbára tí fífẹ̀ àti nínípọn páìpù yẹn ní láti kọ títẹ̀. Ẹ wá fi gígùn lọ́nà gígùn pín in. Òpó tí orí rẹ̀ ò ní ìdè, ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ là ń lò: 8,000 mm, kì í ṣe 4,000. Ẹ ó rí bíi 6,750 níútìn. Ẹ fi 9.81 pín in, ó di bíi kìló 688. Ẹsẹ̀ mẹ́rin jẹ́ bíi 2,750.

Ẹlòmíì á ní, "2,200 ò tó 2,750, ó parí." Kò tíì parí o. Ẹ fi 2,750 pín 2,200, ó jẹ́ 0.8. Ìyẹn ni pé náírà kan ń bí 80 kọ́bọ̀ èlé. Ká ní wẹ́dà fi òpó sílẹ̀ tó tẹ̀ ní 2 cm, tí ojú ò tètè rí. Ìwúwo á fi 1.6 kún un. 1.6 yẹn á bí 1.28. 1.28 á bí bíi 1.02. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ọ̀nà àbùjá rèé: ẹ yọ 0.8 kúrò nínú 1, ó ku 0.2, ẹ fi 0.2 pín 2 cm. Ó di 10 cm!

Tí tànkì yẹn bá kún dé ìdajì, kìló 1,200 ni, títẹ̀ ọ̀hún ò ju bíi 3.5 cm lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe bu omi ìdajì dán an wò kí ẹ ní ó dára. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: tí wọ́n bá ta páìpù 2 mm fún yín lórúkọ 3 mm, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní gbé ju bíi 1,930 lọ. Tànkì yín ti wúwo jù bẹ́ẹ̀. Kò tíì kún tán tí yóò fi wó, àwọn ọmọ sì máa ń ṣeré lábẹ́ ẹ̀. Ẹ mú ohun ìwọ̀n lọ sọ́jà, ẹ wọn ẹnu páìpù kí ẹ tó sanwó, títí kan tèmi.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin dábùú ẹsẹ̀ náà ní àgbélébùú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà náà, 4,000 mm la ó lò, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, bíi kìló 11,000. Èlé á bọ́ sí 20 kọ́bọ̀. 2 cm á di 2.5 péré. Páìpù kan náà ni o! Kí ẹ sì so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wò ó bóyá òpó dúró ṣánṣán kí kọnkéré tó gan.

Mi ò tíì ka atẹ́gùn, mi ò ka ìpẹtà. Irin gan-an lè ti kọṣẹ́ kó tó dé iye tí Euler sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà kì í fi sún mọ́ ẹnu ààlà. Ẹ pè é kó wá wò ó. Ibi tí igi bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ní í wó sí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ.  Ọjà á tà.