Bí Aboyún Ṣe Lè La Igi Ìdáná Láìṣe Ara Rẹ̀ Léṣe

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. A mọ̀ pé bí a bá sọ fún aboyún pé kí ó má fọwọ́ kan àáké mọ́ títí yóò fi bímọ, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì lọ sílé lọ la igi rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń jẹun nílé kò ní dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bí ẹnìkan bá wà nílé tí ó lè bá yín là á, ọkọ ni o, àbúrò ọkọ ni o, tàbí ọmọ tí ó ti gbójú, ẹ jẹ́ kí ó là á. Bí kò bá sí ẹnìkan, ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà dúró, ọ̀nà sì wà tí ẹ lè gbà jókòó.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló dé tí igi tí a ti ń là láti kékeré fi wá di ohun tí a ń kọ́ni? Ara yín ti yàtọ̀ ni. Bí oyún ti ń dàgbà, ikùn ń fa ara síwájú, ẹ̀yìn sì ń tẹ̀ kí ẹ má baà ṣubú. Ìdí nìyí tí ìbàdí fi ń ro aboyún nígbà tí kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Oyún tún máa ń mú kí àwọn iṣan tí ó so oríkèé ara pọ̀ rọ̀, kí egungun ìbàdí lè fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ìdúró fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá tí kò tín-ín-rín, tí kò sì sanra jù, lè fi nǹkan bíi kìlógíráàmù 11 sí 16 wúwo sí i kí ó tó bímọ. Gbogbo ẹrù yìí ni ẹ ń gbé pọ̀ mọ́ àáké.

Ilẹ̀ tí ẹ ó dúró lé gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí ó má yọ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ró ìró, ẹ ká etí rẹ̀ sókè kí ó má baà kọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ wá ìtì igi tí ó dúró gbọin, tí kò ga ju orúnkún lọ, kí ẹ gbé igi tí ẹ ó là ró lé e lórí. Ẹni tí ó ń la igi lórí ilẹ̀ lásán yóò máa tẹ ìbàdí ba títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ la ẹsẹ̀ méjèèjì bí èjìká ti fẹ̀ tó, kí ọ̀kan má ṣíwájú ìkejì. Ẹ sún sẹ́yìn tó kí apá yín lè nà tán. Bí àáké bá ti ń bọ̀ nílẹ̀, orúnkún ni kí ó tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ má gbé àáké kọjá èjìká. Igi tí ó tọ́, tí ẹnu rẹ̀ ti sán, ni kí ẹ yàn. Igi oníkókó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó lágbára, tàbí kí ẹ ki orí rẹ̀ bọ iná bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa tì í wọlé bí ó ti ń jó.

Láti oṣù kẹfà lọ, a kò fẹ́ kí ẹ gbé àáké sókè mọ́ rárá. Ẹ jókòó. Àpótí kúkúrú tí a fi ń dáná kò dára fún èyí, nítorí orúnkún yóò máa ti ikùn. Ẹ wá èyí tí ó ga tó kí itan yín lè tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ gbé ìtì náà síwájú, díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kọjá orúnkún, kì í ṣe sí àárín itan. Ẹ fi ojú àdá tí ó nípọn há ẹnu ibi tí igi ti sán, ẹ fi ọwọ́ òsì di èèkù rẹ̀ mú, kí ẹ sì máa fi kùmọ̀ igi lu ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òòlù irin lù ú o, èérún irin lè ta sí ojú. Alọ́wọ́-òsì yóò yí gbogbo rẹ̀ padà. Igi náà yóò là. Kò ní yá bíi ti àáké, àwọn ẹlòmíràn sì lè máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ní í jókòó la igi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Bákan náà ni àwọn ìyá kan gbà pé bí aboyún bá ti ṣiṣẹ́ agbára tó ni ìbí yóò ṣe rọrùn tó. Ìrìn àti iṣẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ dára fún aboyún, ṣùgbọ́n àáké kì í ṣe egbòogi ìbí.

Ẹ là á níwọ̀nba, èyí tí yóò tó lò lọ́jọ́ kan, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ mu omi. Ẹ má fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà kí òòyì má baà kọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Láti oṣù keje, ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀, nítorí ilé ọmọ máa ń tẹ iṣan ńlá tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìyá kan wá bá wa ní òwúrọ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni igi ta padà, tí ó gbá a níkùn. Kò rí ẹ̀jẹ̀, kò sì fẹ́ yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó fi omi gbígbóná jó o, ó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikùn ti le bí pákó, ọmọ kò mira mọ́. Ibi ọmọ ti ṣí kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun sínú níbi tí ojú kò ti lè rí i. A rí ìyá gbà là. A kò rí ọmọ.

Nítorí náà, bí igi bá gbá yín níkùn, tàbí tí ẹ ṣubú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà má dùn yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá, bí omi bá ń dà, bí ikùn bá ń le tí kò dẹ̀, tàbí bí ọmọ kò bá mira bí ó ti ń ṣe, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ jí ọkọ yín.

Lẹ́yìn ìbí ńkọ́? Iṣan tí ó rọ̀ kì í le padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 6 kọjá, kí agbẹ̀bí sì yẹ̀ yín wò, kí ẹ tó mú àáké. Ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kò gbọ́dọ̀ gbé ohunkóhun tí ó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò yìí, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe omi.